Ọ̀nà Tí Bọ̀dá Bọ̀dé Gbé Mi Gbà dé Saint-Malo

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọn ò bá fẹ́ kí àlejò pẹ́ nílé wa, bọ̀dá mi Ọlábọ̀dé ni wọ́n máa ń ní kó lọ jókòó tì í. Á dọ̀bálẹ̀ kí onítọ̀hún, á gbé omi wá, ó parí. Á jókòó, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, títí àlejò fúnra rẹ̀ á fi ní ilé ti yá. Bó ṣe wà nìyẹn títí dòní. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti lò ní Hamburg nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní 2018, ó sì ti fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì ìgboro, láti Osdorfer Born níbi tó ń gbé nínú àwọn ilé alájà gíga yẹn, dé ibùdókọ̀ Altona, kó tún padà. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè fi ògiri ṣe ọkọ, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Bremen. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo fẹ́ràn bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n òótọ́ lọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé kò mọ èèyàn í fẹ́ràn o. Èmi Dúnní ni mo tẹ̀lé e, Báyọ̀ ló kẹ́yìn wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Berlin gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, tí ìwé ìgbélùú mi fẹ́ di wàhálà, ìdájí la máa ń lọ tò síwájú ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní Moabit, nínú òtútù tó ń gé etí. Mo dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún ọjọ́ kan, mo bá bọ̀dá mi lórí ìlà, ó ti gbàyè sílẹ̀ fún mi. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Hamburg, kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. A dúró fún wákàtí mẹ́rin, kò sọ ju “wọ ìbọ̀wọ́ rẹ” lọ. Nígbà tí wọ́n fún mi níwèé, ó ní ó dáa, ó ra tíì fún mi, ó sì kọrí sí Hamburg nítorí iṣẹ́ ọ̀sán ń dúró dè é. Kí n tó rántí pé ó yẹ kí n dúpẹ́, ó ti lọ.

Ní àsìkò Àjíǹde ọdún 2018 náà ló pè mí ní Spandau tí mò ń gbé, ó ní òun fẹ́ wa mọ́tò òun lọ sí ilẹ̀ Faransé lóṣù kẹsàn-án, ṣé màá bá òun lọ. Ẹnu yà mí. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ wakọ̀ gba ọ̀nà tí òun ò ní í yí padà ní Altona. Ó ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀: Rouen, Étretat, Honfleur. A ó gbéra ní Sátidé, a ó padà délé ní Túsìdé. Ó fi bírò pupa fa ọ̀nà náà sórí máàpù oníwèé, bẹ́ẹ̀ Navi tó ń júwe ọ̀nà wà nínú mọ́tò. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Spandau ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn, mo sì tẹ̀lé e.

Ìpetumodù ni màmá wa ń gbé, lọ́dọ̀ Báyọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Ní gbogbo àárọ̀ ni Báyọ̀ máa ń bá a di fóònù mú kó fi ohùn gbàdúrà ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi lórí WhatsApp. Àdúrà kan náà ni: kó má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kó má fi ọkọ̀ gbá ọmọ ọlọ́mọ. Orí ìjókòó awakọ̀ ni bọ̀dá mi ti máa ń gbọ́ ọ, kó tó ṣíná bọ́ọ̀sì. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó fojú kan Màmá kẹ́yìn. Lọ́dọọdún ló ń ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi lọ ní 2016. Màmá di ọwọ́ mi mú, Ọlábọ̀dé ni wọ́n ń béèrè ṣáá, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo wọ bàálù wá kí wọn. Ó dùn mí, mi ò ní í purọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè la wọ Rouen. Ìlú àtijọ́ ni. Àwọn ilé onípákó wọn fi orí tira lókè títì bí àwọn ìyá tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Aago ńlá kan tó ń dán bíi wúrà wà lókè ojú ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ ni èèyàn ń gbà kọjá. Bọ̀dá mi dúró níbẹ̀ tó ń wo aago, èmi lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Bàbá Ògúnbọ̀dé ni, àbúrò olóògbé bàbá wa, àwọn ni olórí ẹbí. Wọ́n bi mí pé ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní èmi nìkan ni, mo wà lórí ìlà, mo fẹ́ ra búrẹ́dì.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Dúnní, ìyá yín sùn lánàá, wọn ò jí mọ́.”

Wọn ò dúró kí n dáhùn. Wọ́n ní Màmá ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé òun sílé yìnyín, nítorí náà Fúráìdé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ìsìnkú. Àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i, nítorí náà bọ̀dá mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó di sítíárìn mú nílẹ̀ àjèjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí n ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan títí a ó fi dé Hamburg ní Túsìdé. Alàgbà Vincent, àgbà ìjọ Aládùúrà tí bọ̀dá mi ń lọ, ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn á ti kó èèyàn jókòó sí pálọ̀, wọn á sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ ká sọ ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì àwa méjèèjì fún Wẹ́sìdé á sì ti wà nílẹ̀.

“Ìwọ, mo mọ̀ pé wàá lè gbé e,” ni Bàbá Ògúnbọ̀dé wí. “Ìwọ tó jẹ́ pé òkú lò ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́.”

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Ó kàn mí lórí ìlà, mo ra búrẹ́dì méjì. Obìnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí ẹnu ẹni á wà níbẹ̀ tí kò ní í dà bí ẹnu ẹni mọ́. Gbogbo ara mi ló rí bẹ́ẹ̀. Mò ń rìn, mi ò mọ̀ pé mò ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú, torí ó ṣì ń bí mi. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í gbọ́ ikú òbí lórí ìdúró. Nígbà tí bàbá wa lọ, àgbà mẹ́rin ló wá bá wa nínú yàrá. Wọ́n kọ́kọ́ bi wá bóyá a ti jẹun. Mò ń ránṣọ lọ́wọ́, wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sọ tayé, wọ́n sọ tọ̀run, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà ká títí ká tó dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì ti sún mọ́ wa tó láti dì wá mú. Gbogbo ètò yìí ni wọ́n ń ṣe sílẹ̀ de bọ̀dá mi ní Hamburg. Èmi, wọ́n kàn gbé e lé mi lórí bí ẹrù. Nítorí pé mò ń tọ́jú òkú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé òǹgbẹ kì í gbẹ ẹni tó ń ta omi ni?

Mo padà bá bọ̀dá mi lábẹ́ aago. A jẹ búrẹ́dì. Ó ní Màmá ò fi àdúrà ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Mo ti wá irọ́ rẹ̀ sílẹ̀: mo ní Báyọ̀ kọ̀wé sí mi pé fóònù Màmá bọ́ sómi. Ó wò mí. Ó ní ó dáa. Kò tún béèrè mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a ní ẹni tí kì í béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Mọ́ńdè a kọrí sí etíkun. Lọ́nà Étretat, ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá ṣìnà, pẹ̀lú Navi, pẹ̀lú máàpù. Mo ní kò sí wàhálà, Bọ̀dá mi, ẹ máa rọra. Òkè funfun ga fíofío létí òkun níbẹ̀, apá kan àpáta náà nà wọ inú omi, ihò ńlá wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ lè gbà kọjá. Ó ní kí ìyá òyìnbó kan yà wá ní fọ́tò. Àwọn fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn, eyín mi hàn dáadáa. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní ayé mà rọ obìnrin yìí lọ́rùn o. Bọ̀dá mi ra áísìkirímù, ó jókòó sórí òkúta, ó lá a tán, ó tún lọ ra òmíì. Mò ń wò ó, mo kórìíra rẹ̀. Mò ń wí nínú mi pé máa lá a, máa lá a, ìwọ tí o ò ní ìyá mọ́ tí o ò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Honfleur. Èbúté kékeré kan ni, àwọn ilé tẹ́ẹ́rẹ́ gíga ló yí i ká, ọkọ̀ ojú omi kún inú rẹ̀. A jẹ ẹja tán, mo ní ká tètè sùn torí ọ̀nà Hamburg jìn lọ́la. Bọ̀dá mi tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó mú bírò pupa, ó ní Bayeux ò jìnnà síbi tí a wà. Mo ní Túsìdé la fi àdéhùn sí. Ó ní ìsinmi òun ò tíì tán. Mo ní tèmi ti tán. Ó ní èmi náà gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sọ fún òun. Ó fa ìlà pupa náà lọ síwájú, sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà tó jìnnà sílé. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí n lè sunkún kó má gbọ́. Mo jókòó ogún ìṣẹ́jú. Ẹkún ò wá. Mo pa omi, mo jáde, mo lọ sùn.

Ní Túsìdé, ní Bayeux, mo ní inú ń run mí, kó gbé mi lọ sílé. Bàbá Ògúnbọ̀dé ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn lórí fóònù. Bọ̀dá mi wá ilé olóògùn, ó fi ọwọ́ júwe inú mi fún wọn, ó ra oògùn, ó dúró títí mo fi lò ó lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ká lọ wo aṣọ. Aṣọ kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n fi òwú ya ogun àti ọba àti ọkọ̀ ojú omi sára rẹ̀, ó gùn débi pé inú ilé ni èèyàn ti ń rìn tẹ̀lé e. Ó dé ibì kan tí wọ́n ya òkú ọba tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bọ̀dá mi dúró. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn wa kọjá lọ, àwọn míì dé, àwọn náà kọjá. Ó ṣì dúró. Nígbà tó yá ó ní wọ́n ránṣọ náà dáadáa, a sì jáde.

Alàgbà Vincent pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn márùn-ún ti wà ní pálọ̀ bọ̀dá mi láti aago mẹ́rin, Màmá Fèyísọ́lá látinú ìjọ tilẹ̀ se ìrẹsì wá, níbo la dé. Mo ní ẹ má bínú, sà, a ò tíì kúrò ní Faransé. Wọ́n jẹ ìrẹsì náà, wọ́n fọ abọ́, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Wọ́n tún padà wá ní Wẹ́sìdé. Wọ́n ti sún tíkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀sán Tọ́sìdé, ìyẹn ló kẹ́yìn. Bí a bá pàdánù rẹ̀, Màmá á wọlẹ̀ láìsí àkọ́bí níbẹ̀. Gbogbo wọn ń pè mí, wọ́n ń kìlọ̀ pé kí n má sọ fún un, kí n ṣáà wá ọgbọ́n dá. Ọgbọ́n wo ló kù? Mo ti ṣàìsàn, mo ti purọ́ iṣẹ́, mo ti sọ pé ilé ń ṣe mí.

Ọ̀sán Wẹ́sìdé náà la gun Mont-Saint-Michel. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, orí àpáta láàárín omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ìlú kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í tán. Omi ti fà sẹ́yìn, yanrìn ló kù títí ojú fi ń ṣe bàìbàì. Lókè pátápátá ni Báyọ̀ ti pè mí, ó ń sunkún, ó ní àwọn èèyàn ti ń béèrè ẹni tó máa da yẹ̀pẹ̀, kí lòun máa sọ. Mo ní kó mú sùúrù. Mo wo aago: bí a bá gbéra nísinsìnyí, tí a kò sùn lọ́nà, a lè bá bàálù yẹn. Mo lọ bá bọ̀dá mi níbi tó ti fi ara ti ògiri. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má bi mí nídìí.”

“Saint-Malo ló kù,” ló wí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Mo la ẹnu. Mo wo àtẹ̀gùn tí a máa sọ̀ kalẹ̀, mo rántí sítíárìn, mo rántí ìkìlọ̀ Bàbá Ògúnbọ̀dé. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ìyẹn kọ́ nìkan. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti máa jáde. Mo pa ẹnu dé, mo tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀, mo sì pa fóònù mi.

Ní Tọ́sìdé bàálù gbéra ní Hamburg láìsí wa nínú rẹ̀. Saint-Malo la wà ní gbogbo ọjọ́ náà. Odi òkúta yí ìlú yẹn ká, orí odi náà lèèyàn ti ń rìn tí òkun wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, tí òrùlé wà lósì. A rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ro nǹkan kan. Mo ka ẹyẹ òkun, mo gbàgbé iye tí mo kà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú láti Mọ́ńdè gan-an ti sá lọ, ó ku ara nìkan.

Ní Fúráìdé, a tún wà lórí odi. Aago mẹ́wàá Ìpetumodù, aago mọ́kànlá ni níbi tí a wà. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù ú tán, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá mi, Màmá ti lọ. Wọ́n ń sin wọ́n lọ́wọ́ báyìí.”

Kò yíjú. “Mo mọ̀,” ló wí.

Mo ní láti ìgbà wo.

“Láti Rouen. O ní fóònù Màmá bọ́ sómi, bẹ́ẹ̀ mò ń rí i pé ẹnìkan wà lórí WhatsApp ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo wá ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà Étretat, o ò bú mi.”

Hàà. Gbogbo èébú tí mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè láti Mọ́ńdè ni mo san fún un lórí odi yẹn. Mo pè é ní ọ̀dájú. Mo pè é ní àgbààyà. Mo ní ó jókòó, ó ń lá áísìkirímù, ó jẹ́ kí èmi máa gbé òkú ìyá wa kiri láti ìlú dé ìlú bí aláàárù. Mo sọ ti ìlà búrẹ́dì fún un, mo sọ ti balùwẹ̀ àti omi, mo sọ ti àwọn àgbà tó jẹ ìrẹsì tán nílé rẹ̀ tí wọ́n padà lọ. Àwọn òyìnbó ń yà bàrá kúrò lọ́nà wa. Mo ní kí ló dé tó mọ̀ tí kò padà, nígbà tí àyè ṣì wà, nígbà tó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń retí.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀,” ló wí. “Ojú wo ni màá gbé débẹ̀, kí n wá bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí? Mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà á ti jókòó dè mí ní pálọ̀. Mo ní bí mi ò bá tíì wọlé, wọn ò tíì lè sọ ọ́.”

A jókòó. Nígbà tó yá mo ṣí fóònù mi, Báyọ̀ ti fi fídíò ránṣẹ́. Olùṣọ́àgùntàn pe àkọ́bí: Ọlábọ̀dé. Ó dúró díẹ̀, ó tún pè é. Àwọn èèyàn ń wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ó lè máa bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báyọ̀ jáde síwájú, ó bu yẹ̀pẹ̀. Bọ̀dá mi wò ó tán. Ó ní ó dà bíi pé òjò rọ̀ níbẹ̀ lánàá, ilẹ̀ náà tutù. Mo ní ó ṣeé ṣe. A lọ gbé ẹrù wa, a sì gbọ̀nà ilé.

Ọjọ́ méjì la fi rin ìrìn náà, a sùn sí Belgium. Alàgbà Vincent pè lọ́nà láti béèrè ìgbà tí a máa dé, mo sọ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé bọ̀dá mi ti mọ̀. Ìkà ló mú mi ṣe é. Mo ní nínú mi pé kí wọ́n jókòó dè é bí wọ́n ṣe fẹ́, kí òun náà sì gbọ́ ọ yó.

Ọ̀sán Sátidé la gun òkè dé ilé rẹ̀ ní Osdorfer Born. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́: Alàgbà Vincent, Màmá Fèyísọ́lá, àti ọkùnrin mẹ́ta látinú ìjọ, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun. Wọ́n ti fi àga kan sílẹ̀ láàárín fún un. Wọ́n kí i kú àbọ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun. Alàgbà Vincent wá bẹ̀rẹ̀ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, kò dìde. Ilẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ló wí, “èmi ti mọ̀ tipẹ́. Dúnní ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Wọn ò tíì sọ fún òun.”

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, báàgì wà lọ́wọ́ mi, Màmá Fèyísọ́lá wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Mo ní rárá, sà, mo ti mọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, láti Sọ́ńdè. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo kàn fẹ́ bá reluwé Berlin, mo níṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Bọ̀dá mi dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó mú mi jókòó sórí àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ó sì lọ dúró sẹ́yìn mi.

Alàgbà Vincent fa àga wọn títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Wọn ò kánjú.

“Ọládùnní,” ni wọ́n wí, “ṣé o ti jẹun?”

Mo ní mi ò tíì jẹun, sà.

“Ọmọ mi, ìyá rẹ ti sùn.”

Mo pariwo. Àwọn ará ilé kejì wá kan ilẹ̀kùn, Màmá Fèyísọ́lá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Jámánì, mo ṣì ń pariwo. Bọ̀dá mi ò kúrò lẹ́yìn mi.